Okùn Tí Délé Fún Mi

Ẹ gbé fóònù yẹn sílẹ̀ ná. Láti ìgbà tí ẹ ti jókòó sínú gáréèjì yìí lẹ ti ń ka ohun tí àwọn tí mi ò mọ̀ rí kọ síbẹ̀. Ẹnìkan ní okùn híhun, tí ẹ̀ ń pè ní braid, ló dára fún ẹja kráàpì. Ẹnìkejì ní rárá o, okùn ọ̀rá, tí ẹ̀ ń pè ní mono, ni. Ẹ wá kọjú sí mi, ẹ ní, "Grandpa, èwo ni ká rà?" Ìbéèrè yín dára, ṣùgbọ́n ojú egbò lẹ fọwọ́ kàn yẹn. Okùn méjì yìí ló ba àárín èmi àti ẹnìkan jẹ́ kí wọ́n tó bí bàbá yín. Ẹ wà létí omi ní Sátidé tó kọjá, ẹ rí èmi àti Délé, ẹni tí ẹ̀ ń pè ní Bàbá Túndé, tí a jókòó pọ̀, tí à ń jẹ ẹ̀pà nínú ike kan náà, ẹ rò pé ọ̀rẹ́ ni wá. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ fún yín láti ìdí rẹ̀, kí ẹ lè mọ ohun tí ojú yín rí.

Kráàpì kì í ṣe ẹja àwọn baba wa. Nígbà tí a kọ́kọ́ rí i, epìyà la pè é, nítorí ó fẹ̀ pẹlẹbẹ, ṣùgbọ́n ó ní àmì dúdú tó-tò-tó lára, bí ẹni pé wọ́n ta yíǹkì sí i. Ẹran rẹ̀ funfun, ó sì dùn. Ẹnu rẹ̀ ni àléébù rẹ̀. Ẹnu kráàpì fẹ́lẹ́ bí ìwé. Ìwọ̀ ń wọ̀ ọ́ wẹ́rẹ́, ó sì ń jáde wẹ́rẹ́. Nítorí náà, ẹni tó ń pa kráàpì kò gbọdọ̀ ja okùn. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í ni ni lára. Okùn ọ̀rá mọ ìyẹn fúnra rẹ̀. Bí ẹja bá fà á, ó ń nà díẹ̀, ó ń gba ẹja láyè, ẹnu ẹja ò ní ya. Okùn híhun kò mọ̀ ju agbára lọ. Bí igi abẹ́ omi bá há ìwọ̀ yín, òun ló máa bá yín yọ ọ́. Bí ẹja bá kàn fi ẹnu tọ́ ìjẹ wò lásán, ẹ ó mọ̀ ọ́n lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kì í nà. Bí ọwọ́ yín bá le díẹ̀, ẹja á lọ, awẹ́ ètè rẹ̀ nìkan lẹ ó bá lórí ìwọ̀. Okùn ọ̀rá náà ní ìwà tirẹ̀ o. Bí ó bá ti pẹ́ níbi tí wọ́n ká a sí, yóò máa jáde ní kíkákò, kì í gbàgbé bí wọ́n ṣe wé e. Èmi náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Nígbà tí a dé Houston, kò sí ọmọ Nàìjíríà kankan tí mo mọ̀ tó ní ilé ńlá ní Sugar Land. Akẹ́kọ̀ọ́ ni gbogbo wa. Àwa mẹ́fà la wà nínú àpátímẹ́ńtì oníyàrá méjì, ní apá ibi tí wọ́n ń pè ní Brays Oaks báyìí. Ọkọ̀ kan ṣoṣo la ní, ti Délé, ọkọ̀ Amẹ́ríkà gígùn kan tí búùtì rẹ̀ kì í tì àfi ká fi okùn so ó. Bí ó bá ti ń sọ̀kalẹ̀ láti orí fíríwéè la ti máa ń gbọ́ ọ, á máa wúkọ́ bọ̀ bí arúgbó tó mutí. Gàrí ò sí. Ọ̀dùnkún gbígbẹ tí wọ́n lọ̀ sínú páálí la ń fi omi gbígbóná rò, tí à ń pè é ní iyán, kí Ọlọ́run dárí jì wá. Lọ́dọ̀ àwọn ará Mẹ́síkò la ti ń ra ata. Ẹ̀yin lónìí, ẹ̀ ń wa ọkọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù ọmọ Nàìjíríà, ẹ̀ ń ráhùn pé iṣu ti rà díẹ̀. Mo ń gbọ́ yín, mi ò kàn sọ̀rọ̀ ni.

Kò sì sí fóònù tí a fi ń rí ojú ìyá wa. Kásẹ́ẹ̀tì ni. Ẹni tó bá ń bọ̀ láti ilé á mú un wá, a ó kóra jọ sídìí rédíò. Ìyá Délé máa ń fi àdúrà bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀, àkùkọ kan á sì máa kọ lẹ́yìn rẹ̀. Tí àkùkọ yẹn bá ti kọ, gbogbo ilé á dákẹ́ rọ́rọ́. A mọ ohùn rẹ̀ débi pé, nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì kan dé tí a ò gbọ́ ọ mọ́, Délé kọ̀wé sílé láti béèrè ẹni tó pa á jẹ. Ẹ rí i, mi ò ní purọ́ fún yín. Wọ́n ní ọ̀tá ẹni kì í pòdù ọ̀yà, ṣùgbọ́n Délé pòdù ọ̀yà nígbà náà. Kò sẹ́ni tó dára bíi rẹ̀ láti bá gbélé. Bí mo bá ní àìsàn, òun ló ń se omi ọbẹ̀ fún mi. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí ohun tó ṣe fún mi korò tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́ kò lè rí ibi tó máa dùn ọ́ jù.

Sátidé ni ọjọ́ ẹja. A máa ń lọ sí adágún ńlá tó wà lápá Conroe, a ó pa tó máa tó wa jẹ títí di ìparí ọ̀sẹ̀ kejì. A ní òfin nílé wa. Ẹni tó bá kọ́kọ́ pa ẹja ló ni orí ẹja nínú ọbẹ̀. Ẹni tó bá pa òfo ló máa họ ìpẹ́ gbogbo ẹja tí àwọn yòókù pa. Inú báàfù la ti ń họ ọ́. Ìpẹ́ dí ojú ihò báàfù yẹn títí ẹni tó ń tọ́jú ilé fi wá bi wá bóyá à ń tọ́jú ẹranko síbẹ̀. Nígbà kan, a fẹ́ yan ẹja bí wọ́n ṣe ń yan án nílé, a gbé iná èédú sí fàráńdà. Èéfín gba gbogbo ilé kan, àwọn panápaná sì dé pẹ̀lú fèrè tí ń ké. Délé lọ dúró níwájú wọn pẹ̀lú pátá àti síńgílẹ́ẹ̀tì, ó ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì tó dára jù lọ nínú ilé wa ṣàlàyé pé ẹja ló ń jóná, kì í ṣe ilé. Ọ̀kan nínú wọn gba ẹja kan lọ. Ẹ wá wo òní, ẹ̀ ń gbé ẹja sínú ẹ̀rọ, ẹ̀ ń tẹ bọ́tìnnì, ó ń dákẹ́ síbẹ̀. Ó jinná o, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó máa sọ ìtàn rẹ̀.

Sátidé tó ṣáájú Àjíǹde ló jẹ́ ọdún fún wa. Àsìkò yẹn ni kráàpì ń wá sí ibi tí omi kò jìn láti yé ẹyin, àwọn ọmọ Nàìjíríà láti gbogbo apá Houston á sì wá síbẹ̀. Ìyá kan á din pọ́fù-pọ́fù lábẹ́ igi, òróró á máa pariwo nínú ìkòkò, àwọn ọmọdé á máa sọ òkò sínú omi tí a ní kí wọ́n má sọ òkò sí. Bàbá Dókítà ló máa ń ṣe olórí ibẹ̀. Wọ́n ti dé Houston ṣáájú gbogbo wa, wọ́n jẹ́ oníṣègùn, wọ́n sì fẹ́ràn kráàpì ju oúnjẹ lọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn ń gbé lọ́dọ̀ wọn, ó ń lọ sí yunifásítì. Fọlákẹ́ ni orúkọ rẹ̀.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin rí. Mo fẹ́ fi Fọlákẹ́ ṣe aya, mo sì ṣe é bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé, pé ọ̀dọ̀ àgbà la ti ń gba ọmọ. Ní ọjọ́ Sọ́ńdè, màá wọ kóòtù kan ṣoṣo tí mo ní, màá dọ̀bálẹ̀ ní pálọ̀ Bàbá Dókítà, a ó máa sọ̀rọ̀ nípa àwọn ológun àti epo rọ̀bì títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Wọ́n fẹ́ràn mi. Èmi rò pé ọ̀ràn ti bùṣe. Mi ò mọ̀ pé Délé náà ń wo ibi tí mò ń wò, àfi ìgbà tí Bàbá Dókítà pe àwa méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Wọ́n ní, "Ẹ̀yin méjì ló wá bá mi lórí ọ̀rọ̀ kan náà. Ó dáa. Ẹ bá mi lọ sódò ní Sátidé. Ẹni tó bá lè mú kráàpì láìya ẹnu rẹ̀, ẹni yẹn ló mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n sọ ọ́. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ mi ti ń gbóná.

Ní ọjọ́ Ẹtì, Délé ti ìsọ̀ wá pẹ̀lú okùn méjì. Ọ̀kan jẹ́ okùn híhun, dúdú, ó le bí okùn bàtà. Ìkejì jẹ́ okùn ọ̀rá lásán tí ẹ lè fi eyín gé. Ó na okùn híhun sí mi.

Ó ní, "Gba èyí. Òun ló le jù. Tèmi máa tó mi."

Mo dúpẹ́. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, mo gbàdúrà fún un. Mo ní Ọlọ́run kò ní jẹ́ kó rí ọ̀rẹ́ tó máa já a jù sílẹ̀. Èmi ọmọ etí ọ̀sà ni, lọ́dọ̀ wa okùn tó le ni okùn. Ẹja tiwa ní ètè bí awọ. Bí ó bá ti gbé ìjẹ báyìí, ìwọ á ja á pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ kó tó sá wọ inú gbòǹgbò. Délé náà mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń ja okùn. Àwọn ará ilé wa máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lórí rẹ̀, pé bí ẹni tó ń fa ọkọ̀ kúrò nínú ẹrẹ̀ ni mo ṣe ń pẹja. Ní àwọn Sátidé yòókù, ọ̀pá oparun àti okùn ọ̀rá ilé ni gbogbo wa ń lò, ó sì ń bá mi bo àṣírí.

Ọjọ́ náà, mo dúró lẹ́bàá igi kan tó ti kú sínú omi, oòrùn wà lẹ́yìn mi. Ẹja àkọ́kọ́ gbé e, mo ja á. Ètè ló bá mi wá. Èkejì, bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kẹta dé ojú omi, gbogbo ènìyàn rí i, ó tóbi bí àwo, mo tún ja á lẹ́ẹ̀kan sí i kó má baà bọ́, ó sì bọ́. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ìyá tó ń din pọ́fù-pọ́fù fi síbí rẹ̀ sílẹ̀ kó lè wò mí dáadáa. Délé wà lápá ọ̀tún mi, ó ń fà wọ́n jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, ó ń tò wọ́n sínú kúlà bí ẹni to aṣọ.

Bàbá Dókítà wá fọwọ́ lé mi léjìká. "Ọwọ́ rẹ le o, ọmọ mi," ni wọ́n wí. Ìyẹn náà ni gbogbo ìdájọ́.

Òfin sì ni òfin. Nígbà tí a délé, èmi tí mo pa òfo ni mo kúnlẹ̀ sídìí báàfù, tí mò ń họ ìpẹ́ ẹja Délé. Lẹ́bẹ́ ẹja gún mi ní ìka, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn sínú omi. Mo ń gbọ́ ọ ní pálọ̀, ó ń fọn fèrè lẹ́nu. Òun àti Fọlákẹ́ ṣe ìgbéyàwó kí ọdún mìíràn tó parí. Ta lẹ rò pé ó dúró ti ọkọ ní ṣọ́ọ̀ṣì? Èmi ni. Mo wọ bàtà tó fún mi lẹ́sẹ̀, mo sì ń rẹ́rìn-ín sí ẹni tó ń ya fọ́tò.

Mi ò tíì mọ nǹkan kan nígbà náà. Mo rò pé ọwọ́ mi ló burú, bóyá orí mi. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ epo kan ní Westchase ni ojú mi là. Iṣẹ́ mi ni láti mọ ohun tó ń nà kó tó já, àti ohun tí kì í nà rárá. Mo jókòó sí tábìlì lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mò ń ṣe ìṣirò wáyà kan, ọ̀rọ̀ náà kàn dé sí mi lórí. Délé ti ń pa kráàpì ní Houston ṣáájú mi. Ó mọ ẹnu ẹja yẹn, ó sì mọ ọwọ́ mi. Ó mú èyí tó ń ya ẹnu fún mi, ó mú èyí tó ń gba ẹja láyè fún ara rẹ̀, ó sì ní kí n dúpẹ́. Mo ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì, mo sì bú u títí ohùn fi há mi.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń pa á mọ́ fún un. Aṣegbé kan ò sí, àṣepamọ́ ló wà. Kì í ṣe pé mò ń sunkún obìnrin o. Màmá yín àgbà tó mi, ó sì ṣẹ́ kù. Òun gan-an mọ ìtàn yìí, bí mo bá sì ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, á ní, "Ẹ jẹ́ n mọ ibi tí ẹja yẹn sá lọ, kí n lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ló fún mi lọ́kọ." Á tún ní àgbà tí kò bínú lọmọ rẹ̀ ń pọ̀. Mo ní tèmi ti pọ̀ tó. Ìrẹ́jẹ ló ń dùn mí, kì í ṣe ìyàwó. Kí ènìyàn fi ẹ̀rín na ọ̀bẹ sí ọ, kó ní àkàrà ni.

Ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún. Nínú àwa mẹ́fà, àwọn kan padà sílé, àwọn kan ti lọ sọ́run, ẹnìkan wà ní Dallas tí kì í gbé fóònù. Èmi àti Délé ló kù ní Houston. Ó kọ́ ilé sí Sugar Land, èmi náà kọ́ tèmi. A ń pàdé níbi ìsọmọlórúkọ àti ìsìnkú, a ń dì mọ́ra. Nígbà tó ń kọ́ ilé, ó bi mí bóyá ẹni tó fẹ́ gbé iṣẹ́ òrùlé fún dára. Mo mọ̀ pé kò dára. Mo ní ọkùnrin náà mọṣẹ́ dáadáa. Òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀ wọ inú yàrá rẹ̀, mo sì sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n òrùlé kò tó. Etí omi ni mo fẹ́, lójú àwọn ènìyàn, pẹ̀lú ẹja tó ya ẹnu.

Ọlọ́run kì í sùn. Ní ọdún yìí, àwọn ọmọ wa ní kí a tún bẹ̀rẹ̀ Sátidé Àjíǹde tí a ti pa tì. Ẹ rántí bí ẹ ṣe kó àga aláṣọ àti agboòrùn àti rédíò tí kò ní wáyà dání, tí ẹ̀ ń béèrè ibi tí wọ́n ti ń gba nẹ́tíwọ́ọ̀kì lábẹ́ igi. Délé dé pẹ̀lú àwọn àna rẹ̀ tuntun, bàbá àti ìyá ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ àbíkẹ́yìn rẹ̀. Ó ti sọ fún wọn láti ilé pé òun ni ọba kráàpì ní gbogbo Texas, pé ẹja ọwọ́ òun ni wọ́n máa jẹ lọ́jọ́ náà. Ó wá bá mi pẹ̀lú ọ̀pá ìwọ̀ rẹ̀.

Ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, bá mi wé okùn sí i. Ojú mi ò rí okùn wẹ́wẹ́ mọ́."

Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ọmọ. Mo gba ọ̀pá yẹn. Mo ti ra okùn híhun láti ọjọ́ mélòó kan, aláwọ̀ ewé tó ń tàn yanran, èyí tó le jù nínú ìsọ̀. Mo wé e fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Mo so ìwọ̀ mọ́ ọn tààrà, láìfi okùn ọ̀rá kankan sáàárín, èyí tí àwọn tó mọ̀ ọ́n máa ń fi sí i kó lè nà díẹ̀. Mo tẹ ìdè náà wò. Mo ní, "Òun ló le jù. Tèmi máa tó mi." Mo wò ó lójú bóyá ó máa mọ ọ̀rọ̀ náà. Ó dúpẹ́, ó jókòó tì mí.

Omi yẹn kún fún ẹja. Délé ja àkọ́kọ́, ó ya. Ó ja èyí tó tẹ̀ lé e, ó ya. Ọwọ́ arúgbó ń gbọ̀n, okùn híhun kì í sì dárí ji ọwọ́ tó ń gbọ̀n. Èmi ń fa tèmi jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá ọkọ ìyàwó dúró lẹ́yìn wa, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú. "Àna wa," ó ní, "ṣé ẹ wá pa wọ́n ni, àbí ẹ wá fún wọn lóúnjẹ?" Gbogbo ènìyàn bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀yin náà. Inú mi dùn débi pé omi yọ lójú mi. Ó tì mí lójú díẹ̀, ṣùgbọ́n kò tì mí tó. Mo fẹ́ kó pẹ́. Mo fẹ́ kí oòrùn dúró síbẹ̀.

Nígbà tí àwọn ènìyàn padà sídìí oúnjẹ, Délé gbé ọ̀pá lé orí ẹsẹ̀ rẹ̀.

"O ti san án," ó ní.

"Kí ni mo san?"

"Ojú mi ò dára mọ́, ṣùgbọ́n kò burú tó bẹ́ẹ̀. Mo rí okùn yẹn nígbà tó o ń wé e. Mo ní kí n jẹ́ kó o ṣe é." Ó ń wo omi, kò wò mí. "Mo mọ ohun tí mò ń ṣe lọ́jọ́ yẹn. Mo mọ̀ pé tá a bá jọ lo okùn kan náà, ìwọ lo máa gbà á. Bàbá Dókítà fẹ́ràn ẹ jù mí lọ. Okùn yẹn ló fún mi níyàwó. Kò sí ọdún tí mi ò rántí ẹ̀."

Láti bí ogójì ọdún ni mo ti ń retí ọ̀rọ̀ yẹn. Mo ti to èsì mi sílẹ̀, mo ti ń fi wẹ ara ní balùwẹ̀, mo ti ń sọ ọ́ nínú ọkọ̀ lórí fíríwéè. Gbogbo rẹ̀ fò lọ. Ìbínú nìkan ló kù. Mo dìde dúró. Mo ní olè ni. Mo ní, "Olè paraku ni ẹ́, Délé. O jí i mọ́ mi lọ́wọ́!"

"Ta ni wọ́n jí?"

Fọlákẹ́ ni. Ó dúró lẹ́yìn wa pẹ̀lú àwo dòdò méjì, ọ̀kan fún ọkọ rẹ̀, ọ̀kan fún mi. Mi ò mọ ìgbà tó dé, ṣùgbọ́n mo rí i lójú rẹ̀ pé ó ti pẹ́ níbẹ̀. Délé fẹ́ sọ̀rọ̀, ó ní kó dákẹ́.

"Mo ní ta ni wọ́n jí? Bàbá Túndé, okùn ló fún yín níyàwó? Ẹ̀yin náà, Bọ̀dá, wọ́n jí mi mọ́ yín lọ́wọ́? Ẹja ló wá yan ọkọ fún mi ni?"

Ó ní, "Ẹ jẹ́ n sọ fún yín. Bàbá Dókítà pè mí sí kíṣìnì kí wọ́n tó pe ẹnikẹ́ni sódò. Wọ́n bi mí pé nínú ọmọ méjèèjì yìí, ta ni mo fẹ́. Mo ní Délé. Wọ́n ní ó dáa, ṣùgbọ́n ọmọ tó ń wọ kóòtù wá yìí, àwọn ò lè sọ fún un lójú pé a ò fẹ́ ẹ, ọmọ dáadáa ni, kí àwọn wá nǹkan tí wọ́n máa fi ṣe é kí ojú má baà tì í. Ẹja ni wọ́n fi ṣe é. Kódà tẹ́ ẹ bá pa gbogbo ẹja tó wà nínú omi yẹn, Bọ̀dá, Délé ni."

Mo wo Délé. Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Òun náà ò mọ̀. Ọmọ olè tó ti ń sá kiri fún ohun tí ẹnikẹ́ni ò tìtorí ẹ̀ lé e.

Mo rò pé ó ti parí, pé ó máa gbé dòdò fún wa, kó sì lọ. Ṣùgbọ́n inú bí i, mo sì mọ ìbínú bí mo bá rí i. Ó gbé àwo méjèèjì sórí kúlà, ó nu ọwọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀ ń bínú lórí mi láti ìgbà yẹn," ó ní. "Ó dáa. Ẹ wá sílé wa ní gbogbo ọjọ́ Sọ́ńdè fún bí ọdún kan. Mo gbé omi fún yín, mo gbé oúnjẹ fún yín. Kí ni mò ń kà ní yunifásítì?"

Mo la ẹnu. Mo rántí igi tó kú sínú omi, mo rántí ibi tí oòrùn wà, àti bí okùn yẹn ṣe rí lọ́wọ́ mi. Mo wá a títí nínú orí mi. Mi ò rí i.

"Kí ni mo kà, Bọ̀dá?"

Délé, tó ti wà lẹ́yìn Fọlákẹ́ báyìí, rọra tẹ orí, ó ń sọ ọ́ fún mi láìgbé ohùn jáde, bí ẹni tó ń ran ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ nínú ìdánwò. Ó sọ ọ́, ó tún un sọ. Mo tẹjú mọ́ ẹnu rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò mọ ohun tó ń wí.